Ata Kọ́ Ló Ń Mú Kí Orí Máa Fọ́ Mùíbátù

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni Mùíbátù máa ń rí ẹni bá jẹun. Láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta, òun nìkan ní í bu oúnjẹ, òun nìkan ní í jẹ ẹ́, òun náà ní í fọ abọ́. Yàrá kan ló gbà ní Ìjọkọ, lágbègbè Ọ̀tà, ibẹ̀ ló sì ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke ní Ṣàngó. Ìwó ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Yéwándé, sì ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Gombe.

Yéwándé yìí ló kó ọ̀rọ̀ àwọn ará Kòríà wọlé. Kó tó lọ, òun àti ìyá rẹ̀ máa ń jókòó ti fíìmù wọn lórí fóònù. Bí àwọn inú fíìmù bá ti ń fa núdùsì pupa sẹ́nu, tí òógùn bò wọ́n, ọ̀fun ìyá àtọmọ á máa dá tòlótòló. Nígbà tó yá, ọmọ wá a wò lórí fóònù, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é.

Kò le rárá. Wọ́n á bọ núdùsì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi díẹ̀ pamọ́ nínú omi rẹ̀. Wọ́n á kó ata gbígbẹ tí wọ́n gún, aáyù, àlùbọ́sà eléwé, ṣúgà ṣíbí kan àti sọ́ọ̀sì dúdú sínú abọ́. Wọ́n á wá gbé òróró kaná títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á dà á lé ata yẹn lórí, á sì dún ṣàá. Ẹni tó bá wà nítòsí lásìkò yẹn yóò sín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Núdùsì ló kù tí wọ́n á dà sí i, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi pamọ́ àti ẹyin díndín lórí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, oúnjẹ ti délẹ̀.

Nígbà tí Yéwándé lọ sí Gombe, wọ́n ṣe àdéhùn. Ní aago méjì ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá á sè tirẹ̀ ní Ìjọkọ, ọmọ á sè tirẹ̀ ní Gombe. Wọ́n á gbé fóònù ti agolo mílíìkì, wọ́n á máa wo ojú ara wọn, wọ́n á jọ jẹun. Ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń jẹun yẹn ni Mùíbátù fi ń gbé gbogbo ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Gáàsì ti wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà sítóòfù eléèédú ló ń lò. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló máa ń gbé e sí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, bó ṣe da òróró lé ata báyìí, ni Bàbá Ṣótúndé jáde láti yàrá iwájú, tó ń húkọ́, tó fọwọ́ ti ògiri. Bàbá yìí ló ni ilé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé ìhà tirẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Yéwándé, ata yìí ń há mi láyà o. Jọ̀ọ́, bá mi wá nǹkan ṣe sí i.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó padà wọlé. Kò bínú, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó ń dá gbé: ọ̀rọ̀ kékeré kò ní rí ibi lọ, inú ẹni ni yóò ti máa bímọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mùíbátù fi ń yí gbólóhùn méjì yẹn síwá sẹ́yìn. Ṣé bàbá fẹ́ kí òun kó jáde ni? Ká ní ó ní ọ̀rẹ́ kan péré nínú ilé yẹn ni, ọ̀rẹ́ á ti sọ fún un pé kó gbé sítóòfù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ọdún mẹ́ta ló ti gbé níbẹ̀. “Ẹ káàárọ̀” àti “ẹ kú iṣẹ́” ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wà láàárín òun àti ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe agbéraga, ojú ló ń tì í.

Bí ọjọ́ Àìkú kejì ṣe dé, ó gbé sítóòfù eléèédú wọ inú yàrá. Ó ti fèrèsé, ó fa kọ́tìnì sí i. Ó rẹ táwẹ́ẹ̀lì sómi, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí òórùn ata má baà jáde. Ó tún wá ta bóòtù ilẹ̀kùn láti inú. Obìnrin náà tiẹ̀ yin ara rẹ̀ pé òun gbọ́n.

Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń jẹun ni orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Òòyì ń kọ́ ọ, èébì ń gbé e. Yéwándé sọ láti Gombe pé ojú ìyá òun pọ́n. Mùíbátù ní ata ni, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó lo parasitamọ́ọ̀, ó sùn. Nígbà tó fi máa dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, orí ti fúyẹ́. Kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé.

Kí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e tó dé, Yéwándé bẹ̀ ẹ́ pé kó dín ata kù. Ó dín in kù sí ìlàjì ṣíbí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó bì, òòyì sì kọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ata ń dín kù, àìsàn ń pọ̀ sí i, síbẹ̀ ata náà ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta tó ń dáná nínú yàrá, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù tí Mùíbátù máa wọ̀ lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé kò gbẹ. Ó tètè dáná èédú, ó fi aṣọ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti ilé pa. Nígbà tí aago méjì fi máa lù, ó ti lé ní wákàtí kan tí òun àti iná yẹn ti jọ wà nínú yàrá tí ẹ̀fúùfù kò wọ̀.

Yéwándé ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìwé ní Gombe. Ó rí i pé fọ́ọ̀kì ìyá òun dúró sójú kan.

“Màámi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Má dákẹ́, máa sọ̀rọ̀.”

Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ gbá agolo mílíìkì, fóònù ṣubú, òrùlé nìkan ni ọmọ ń rí. Yéwándé pè é títí, kò dáhùn. Ó wá rántí pé òun kò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ìyá òun ń gbé, àfi ti onílé, èyí tó tọ́jú nígbà tí wọ́n ń gba yàrá. Bàbá tí ìyá rẹ̀ ń sá fún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wá kù tí ó lè pè.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìyá mi. A jọ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, kò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Bàbá Ṣótúndé kò wá agboòrùn. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ké sí Adébọ̀wálé, wẹ́dà tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, òun ló fi irin já bóòtù náà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, wọ́n wá gbé Mùíbátù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń pè é.

Àwọn ayálégbé ti pé. Ẹnì kan ti sáré gbé epo pupa dé, ó ti bù ú sí ṣíbí. Orí tó dára ni Mùíbátù ní lọ́jọ́ yẹn, nítorí Kàfáyá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì, dé ní àkókò yẹn, ó sì di ọwọ́ elépo náà mú.

Ó ní, “Ẹ má fún un ní nǹkan kan, ì báà ṣe epo, ì báà ṣe mílíìkì. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni epo yẹn máa lọ. Ilé ìwòsàn ni ká gbé e lọ báyìí.”

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé e. Ọ́síjìn ni wọ́n fi sí i nímú títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun kò ní jẹ ata mọ́ láyé òun.

Kàfáyá, tó dúró tì í, mi orí. “Màmá, ata kọ́. Èédú ni.”

Mùíbátù ní kò lè jẹ́ èédú, torí pé èéfín ti lọ kí òun tó gbé e wọlé, ó ti pọ́n dáadáa. Ó ní bí òun bá ti dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ni orí máa ń fúyẹ́, òun sì ti fi táwẹ́ẹ̀lì dí òórùn ata mọ́lé.

“Èyí tó pọ́n yẹn gan-an ló ń tú u jáde,” ni Kàfáyá wí. “Gáàsì kan ni, kábọ̀n mónọ́sáìdì ni wọ́n ń pè é. Ojú kò rí i. Tí yàrá bá ti pa dé, inú ẹ̀jẹ̀ ẹni ló máa lọ gba àyè afẹ́fẹ́. Orí á fọ́, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni, oorun á wá gbéni lọ. Tẹ́ ẹ bá bọ́ síta, ara á yá, ìdí nìyẹn tí orí kì í fọ́ yín níbi iṣẹ́. Òórùn ata ni ẹ̀ ń dènà. Ohun tó fẹ́ pa yín kò ní òórùn.”

Kàfáyá wá mú fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn, ó béèrè orúkọ ẹnì kan ní agbègbè Ọ̀tà tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mùíbátù rò ó títí. Ó rántí ọ̀gá ibi iṣẹ́, ó rántí ẹni tó ń ta káàdì fóònù fún un.

Ó ní, “Kò sí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lọ. Bàbá Ṣótúndé jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí, aṣọ rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Bàbá ní, “Ìyá Yéwándé, mo sọ pé ata ń há mi láyà. Mi ò ní kí o lọ ti ara rẹ mọ́lé.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lé mi jáde.”

“Èmi, kí n lé ọ? Láti ìgbà tí ìyá ilé mi ti kú, ẹ̀rín ìwọ àti ọmọ rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé Sọ́ńdè dé. Nígbà tí o wọlé tí o tilẹ̀kùn, mo ní mo ti ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo dìde láti wá kànkùn, ojú tì mí.”

Ó yíjú sí Kàfáyá. “Nọ́ọ̀sì, kọ nọ́ńbà mi síbẹ̀.”

Ó ka nọ́ńbà náà díẹ̀díẹ̀. Kàfáyá kọ ọ́. Mùíbátù yíjú sí ògiri, ó sun ẹkún tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin ará wa, Mùíbátù rí ẹni gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí. Ẹ má ṣe dáná èédú, igi tàbí kẹrosíìnì nínú yàrá tí a tì pa, ì báà ṣe pé òjò ń rọ̀, ì báà ṣe pé ẹ fẹ́ gbẹ aṣọ, ì báà sì ṣe pé ẹ kò fẹ́ kí òórùn ọbẹ̀ yín dá aládùúgbò láàmú. Ìta ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Gáàsì olóró kan náà ló ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí orí bá ń fọ́ yín tí òòyì ń kọ́ yín nídìí iná, ẹ má kọ́kọ́ wá parasitamọ́ọ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde. Bí ẹ bá bá ẹlòmíràn nílẹ̀, ẹ gbé e bọ́ sínú atẹ́gùn, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, bó tiẹ̀ lajú.

Tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń gbé, má jẹ́ kí òní kọjá. Lọ kan ilẹ̀kùn tó sún mọ́ tìrẹ jù, kí o gba nọ́ńbà wọn, kí o sì fún wọn ní tìrẹ. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ lò ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó dá wà, tí o kò gbúròó rẹ̀ mọ́, má dúró dìgbà tí ojú kò ní tì ọ́ mọ́. Kànkùn.