Ohùn Tó Ń Béèrè Bàbá

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Áàpù wà níbi iṣẹ́ nígbà tó rí i lórí fóònù rẹ̀ pé ẹnì kan bi sípíkà ilé òun ní ìbéèrè. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹni náà fẹ́ mọ ohun tí aago wí, sípíkà sì sọ fún un. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, àfi pé bàbá rẹ̀ nìkan ló wà nílé, bàbá náà kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan láti oṣù méje sẹ́yìn.

Kò tíì bímọ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Áàpù. Inú ìwé ìròyìn ló ti ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo fóònù, áàpù tó dáa àti èyí tó yẹ kí wọ́n sá fún, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò sí ẹ̀rọ tó ń dẹ́rù bà á. Ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kẹ́rù ó bà á. Sípíkà yìí, tí kò ga ju ife omi lọ, ni ilé iṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí i pé kó dán an wò. Ó ń dáhùn ìbéèrè tó bá gbọ́, ó sì ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú áàpù. Èyí tó wù ú jù ni pé èèyàn lè kọ́ ọ ní ìdáhùn. Ó ti kọ́ ọ pé tí wọ́n bá béèrè kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé, kó ní ó wà lórí fíríìjì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ló ń dá lóhùn, kì í ṣe ojúsàájú.

Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Láti orí àjà kẹta ló ti máa ń pe àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, kì í sì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Òun nìkan ló ń pe Ìyá Áàpù ní Bíríkì, nítorí pé ó kéré, orí rẹ̀ sì le. Rọpárọsẹ̀ ló wá gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kó ohùn náà lọ. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Áàpù, tó ń gbé nílùú mìíràn, fẹ́ kí wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ìyá Áàpù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì ń wá láàárọ̀, ilẹ̀kùn sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun nígbàkígbà tó bá ṣí. Ẹ̀gbọ́n fún un di ìparí oṣù. Bí nǹkan kan bá ṣe bàbá kó tó di ìgbà náà, wọ́n á gbé e lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Ìyá Áàpù wo àtẹ̀jíṣẹ́ ilẹ̀kùn. Àtìgbà tí nọ́ọ̀sì ti jáde ní aago méjìlá, ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́. Ní Ọjọ́rú, ní àkókò kan náà, ìbéèrè mìíràn wọlé, ẹni náà ń béèrè ẹni tó wà nílé. Ní Ọjọ́bọ̀, méjì ló tẹ̀ léra.

“Ta ni bàbá tó jókòó síbẹ̀ yẹn?”

Sípíkà ní òun kò mọ̀.

“Ṣé ó lè sọ̀rọ̀?”

Ó ní òun kò mọ ìyẹn náà. Ìyá Áàpù ki íápíìsì bọ etí, ó tẹ ohùn tí áàpù tọ́jú. Ohùn bàbá rẹ̀ ló gbọ́, ohùn orí àjà kẹta, ó mọ́ gaara. Ó sunkún ayọ̀ lórí tábìlì iṣẹ́. Lábẹ́ ohùn náà, níbi tó jìnnà díẹ̀, ó ń gbọ́ ẹnì kan tó ń mí gúlegúle. Kò kà á sí.

Nígbà tó délé, bàbá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Áàpù bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án?” Bàbá fi ọwọ́ òsì mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé rẹ̀: “Èmi kọ́.” Lẹ́yìn náà, ó tẹjú mọ́ àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà.

Ìyá Áàpù rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀: àìsàn ló lé ohùn náà síta, ó ń wá olówó rẹ̀ kiri, kò sì dá a mọ̀ mọ́ nítorí pé bàbá ti rù. Ẹni tó bá ń wá ilé rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń júwe fún un. Ó ṣí áàpù, ó kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ ti Ọjọ́bọ̀ sí i, ó sì kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀: “Ìwọ ni. Ilé rẹ nìyẹn, wọlé.” Bàbá na ọwọ́ òsì, ó di apá aṣọ ọmọ rẹ̀ mú. Ìyá Áàpù rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó sì bu omi fún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbéèrè náà wọlé, sípíkà sì dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò sí ìbéèrè mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà ni fóònù Ìyá Áàpù dún, bàbá ló ń pè.

“Ọmọ mi,” ni ohùn orí àjà kẹta wí. “Mo ti wọlé o. Máa bọ̀.”

Gbogbo ilé dùn. Ẹ̀gbọ́n rí bàbá lórí fóònù, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sunkún, ó ní kò sí ẹni tó máa gbé e lọ síbì kankan mọ́. Bàbá jẹun, ó ṣe àwàdà, ó yin ọmọ rẹ̀. Ọmọ mi níhìn-ín, ọmọ mi lọ́hùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Áàpù jókòó tì í, ó fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òmùwẹ̀? Bàbá ń sọ̀rọ̀ nípa òjò tó ṣú, ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Ìgbà náà ni Ìyá Áàpù gbọ́ pẹ́ńsù tó ń ha bébà. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀. Ọwọ́ òsì bàbá ń kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, ojú rẹ̀ kò sì wo ọwọ́ náà rárá. Ohun tí ọwọ́ náà kọ sínú ìwé nìyí:

“Bíríkì, mo sọ fún ẹ pé èmi kọ́.”

Láti àná, ẹnu yẹn kò tíì pè é ní Bíríkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rù bà á dé eegun.

Ọ̀rọ̀ òjò dáwọ́ dúró.

“Kí ni ọwọ́ yẹn kọ?” ni ohùn náà béèrè, jẹ́jẹ́.

Sípíkà ní òun kò mọ̀. Ìyá Áàpù náà ní òun kò mọ̀. Lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ di tirẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.