Àmì Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, agogo ilé ìwé kò dún. Aago méje ààbọ̀ kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró káàkiri ọgbà, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ọmọ Alágogo, bí gbogbo kíláàsì ti ń pe ọmọbìnrin náà, mọ̀ pé bàbá òun tó ń lu agogo kì í pẹ́ dé ìdí okùn rẹ̀. Kí ó tó bi ẹnikẹ́ni, ó rí ọ̀gá ilé ìwé tó ń bọ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ti ṣubú lójú ọ̀nà, kò sì dìde mọ́. Bí ọmọ náà ti gbọ́, nǹkan fa èjìká ọ̀tún rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa okùn.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ìrora náà kò lọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni pé ó ní àkókò. Ilé ìwé ti ra agogo oníná, okùn bàbá rẹ̀ kàn rọ̀ sílẹ̀ lásán nínú ilé agogo. Síbẹ̀, ní aago méje ààbọ̀ gééré, títí kan ọjọ́ Sátidé, èjìká yẹn á fà, ìka rẹ̀ á sì rọra ká kò bíi pé ó di nǹkan mú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbá apá náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, kò fi ṣe nǹkan kan mọ́, títí tí gègé fi ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò ìgbáradì dé, alájọjókòó rẹ̀, tó ti ń rí bó ṣe ń gbá èjìká mú, ki oògùn méjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Gbé e mì, wàá gbàgbé pé o ní èjìká."

"Méjèèjì?"

"Àbí kí n bá ẹ kọ ọ́ ni? O mọ̀ pé ìkọ̀wé tèmi dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Nígbà tó jí lórí ìwé, àkókò ti tán. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé náà, ó ń gòkè tààrà bí okùn. Kò rántí pé òun fà á.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan. Obìnrin náà yẹ apá rẹ̀ wò dáadáa.

"Eegun rẹ kò kán, iṣan rẹ kò já. Ìrora yìí kì í ṣe irọ́ o. Ṣùgbọ́n iná tó ń jó ilé lè kú tán, kí ẹni tó ń lu agogo ìkìlọ̀ má mọ̀. Ọpọlọ rẹ ló ń lù ú. Ìbànújẹ́ àti àìsùn ń bá a lù ú."

"Ta ló máa sọ fún un kó dákẹ́, Mà?"

"Apá rẹ. Dúró ti ògiri, kọ́kọ́ mí títí dé ìkùn, kí o mí síta pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kí ìka rẹ máa gun ògiri bí aláǹtakùn. Ibi tó bá dé, fa ìlà. Lọ́jọ́ kejì, fi ìbú ìka kan kún un. Kódà bí ara bá yá ẹ, má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má sì lo oògùn olóògùn mọ́, ọmọ mi."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ló ti ń ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀dà ògiri ṣí lábẹ́ ìka rẹ̀. Ìlà pẹ́ńsù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣí ọ̀dà náà sí i. Àwọn ìlà náà ń gòkè, ìbú ìka kan síra wọn, ọjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀wé tó mọ̀ dáadáa. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Aago méje ààbọ̀ ni.

"Màmá, ẹ wá."

Ìyá rẹ̀ fi ìka tọ àwọn ìlà náà. "Oyún rẹ ló wà nínú mi nígbà yẹn. Èjìká yìí náà ló ń dun bàbá rẹ. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láràárọ̀. Nígbà tó yá, ó kun ògiri, kò sọ nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà, ìlà bàbá rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Nígbà míì ìrora á le, á lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà kan. "Aláǹtakùn, o ò tíì dé àjà?" ni alájọjókòó rẹ̀ máa ń wí. Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá dé, ó kọ ọ́ tán. Ìrora ṣì ń yọjú, á mí, á sinmi, á tún gbé gègé. Ó ti yé e pé oògùn tó gbé mì lọ́jọ́sí kò kọ́ apá òun ní nǹkan kan, ìbẹ̀rù ló sì ti apá náà pa bí ilẹ̀kùn. Ìmọ̀ àti sùúrù ló ṣí i, ìlà kan lé ìlà kan.

Ní ọjọ́ kejì tí ìdánwò parí, ó tọrọ kọ́kọ́rọ́ ilé agogo lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé. Aago méje ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú kan. Ó na apá ọ̀tún sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan kókó tí bàbá rẹ̀ ta sára okùn. Kókó náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kan.