Ẹ̀kọ́ Méjìlá Tí Azeemah Kọ

Kọ̀ǹpútà tí kò fẹ́ jí ló mú Haneef mọ Azeemah.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Haneef gbé ẹ̀rọ náà láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà Alhaji Gbàdàmọ́sí ní Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde, ó fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ọ̀hún, á dún píì, píì, píì, ojú mọ́níitọ̀ á sì ṣókùnkùn birimù. Azeemah ló wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀, Alhaji sì ti fi gbogbo ẹ̀rọ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ náà sí ìkáwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mọdabọ́ọ̀dù ẹ̀ ló ti kú," Haneef wí. "Wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn."

"Ṣé wọ́n tú u wò?"

"Wọ́n kàn gbọ́ ohùn ẹ̀ ni."

Azeemah rẹ́rìn-ín. "Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀, wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Bó bá ń dún báyìí, mẹ́mórì ẹ̀ ló ń wá."

Ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó yọ mẹ́mórì jáde, pákó pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀. Ó mú rọ́bà ìpàrẹ́ àwọn ọmọ iléèwé nínú dúrọ́ọ̀, ó fi nu eyín mẹ́mórì náà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí wúrà, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó dún kà. Ó tan iná, ojú mọ́níitọ̀ sì là.

"Rọ́bà!" Haneef pariwo. "Rọ́bà lásán!"

"Ìdọ̀tí ló bo eyín ẹ̀. Òun pẹ̀lú mọdabọ́ọ̀dù ò ríra wọn."

Haneef wo ẹ̀rọ, ó wo Azeemah. "Ẹ fún mi ní rọ́bà yẹn. Màá fi ṣe ìrántí ọjọ́ tí mo rí ẹni tó fi rọ́bà jí òkú."

Azeemah fi bíléèdì gé rọ́bà náà sí méjì, ó fún un ní ìlàjì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Haneef ti forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì.

Kí a sọ òótọ́, ọmọkùnrin náà lẹ́wà, ẹnu rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kì í tètè yé e. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé a máa tì í sẹ́yìn. Bí kíláàsì bá tú, Azeemah á fi Yorùbá tún gbogbo rẹ̀ là fún un. Ilé ìyá bàbá Azeemah ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ló ti máa ń mú àpẹẹrẹ.

"Wò ó, Haneef. Ìyá àgbà ní àtẹ kan tí wọ́n fi ń dáná. Ata tí wọ́n fẹ́ gé, orí àtẹ ló wà. Tí wọ́n bá dáná tán, wọ́n á pa àtẹ mọ́, kò ní sí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́. Mẹ́mórì nìyẹn. Tí iná bá lọ, ohun tó wà lórí ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àjà kan wà lókè ààrò, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo sí. Iná lọ o, iná dé o, àgbàdo wà níbẹ̀."

"Háàdì dísíìkì," Haneef wí.

"Háàdì dísíìkì. Ayọ̀ mi, o ti ń mọ̀ ọ́n!"

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, síwíìṣì ni ẹni tó ń pín oúnjẹ fún àwọn ará agbo ilé, tó mọ yàrá olúkúlùkù. Ráútà ni ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà, tó mọ̀nà ìlú mìíràn. Ní oṣù kẹta, Azeemah bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, ó pín in sí ẹ̀kọ́ méjìlá. Haneef ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Orúkọ Haneef ló sì fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà, ó sọ fún un, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín sí i. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá gbọ́ ohùn Haneef lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbàgbé ohun tó ń tẹ̀.

Àwọn òbí mọ̀ ọ́n. Bàbá Azeemah, Bàbá Yẹ̀kínì tó ń ránṣọ ọkùnrin, kò rí àléébù kan. Ìyá Haneef, Alhaja Wòsílátù, wá wo ọmọ náà, ó fọwọ́ pa á lórí, ó pè é ní ìyàwó mi. Lẹ́yìn Ìléyá ni wọ́n fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Àfi bí iṣẹ́ ṣe dé. Ẹgbẹ́ kan láti Èkó ń wá olùkọ́ kan ṣoṣo tí yóò máa fi Yorùbá kọ́ àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Odògbolú ní kọ̀ǹpútà. Alhaji Gbàdàmọ́sí ò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí ẹni pé wọ́n wọn iṣẹ́ náà mọ́ Azeemah lára ni. Azeemah kọ̀wé, Haneef náà kọ̀wé.

Ní ọjọ́ kẹta, Haneef wá bá a, ojú rẹ̀ fàro.

"Ìyá mi ò sùn lánàá. Wọ́n ní àwa méjèèjì ò lè máa du àga kan. Wọ́n ní obìnrin tó bá borí ọkọ ẹ̀ níta, ṣé yóò gbọ́ tiẹ̀ nínú ilé?"

"Ìyẹn ìyá ẹ. Ìwọ ńkọ́? Kí ni o fẹ́?"

"Ìwọ ni mo fẹ́, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ kí n gba èyí. Ohun tó bá jẹ́ tèmi, ṣebí tìẹ náà ni."

Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Bó bá fẹ́ràn rẹ, ẹ̀yin méjèèjì ì bá jọ wọlé, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbà á." Azeemah gbọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti di òwú sí i létí. Ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Alhaji Gbàdàmọ́sí ò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì.

"Ṣé kí n fún ẹ ní àwọn ẹ̀kọ́ mi kí o fi múra?" Azeemah bi Haneef.

"Rárá o. Tèmi ni màá ṣe. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwọ lo gbé mi wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Azeemah nínú. Ó ní ọkùnrin gidi lòun fẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò, ní ilé-ẹ̀kọ́ Alhaji Gbàdàmọ́sí. Ọ̀gbẹ́ni Walter ló wá láti Èkó, ọkùnrin onígíláàsì tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Odògbolú. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ni gbogbo ẹni tó wá yóò lò, kí wọ́n mú iṣẹ́ wọn wá nínú fúláàṣì. Azeemah ló so kéébù mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan á bàjẹ́. Nígbà tó kan Haneef, ó gbàdúrà fún un nínú.

Haneef dúró dáadáa, aṣọ rẹ̀ mọ́. "Ẹ̀yin àgbà, ìyá bàbá mi ní àjà kan lókè ààrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo sí..."

Azeemah gbé ojú sókè. Èwo ni àjà? Haneef kò mọ ìyá bàbá rẹ̀ rárá, ìyá àgbà ọ̀hún ti kú kí wọ́n tó bí i.

Haneef ti fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Àmì méjìlá hàn lára ògiri ní ìlà mẹ́ta. Abẹ́ ìkínní, Ẹ̀kọ́ Haneef 1. Abẹ́ èkejì, Ẹ̀kọ́ Haneef 2. Azeemah kà wọ́n dé méjìlá, lẹ́yìn náà ló wá rí ohun tí ojú rẹ̀ ti ń rí láti ìṣẹ́jú yẹn: ọfà kékeré kan ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

 

Ó yé e kíákíá, ó dùn ún ju bí yóò bá ṣe dùn ún tí kò bá yé e. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó dìde lọ kírun Ásárì, ó fi Haneef sílẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù ò ṣòro fún un, orúkọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáìlì ni Azeemah máa ń tò sójú kọ̀ǹpútà. Fáìlì wà nínú fódà nísàlẹ̀, ọfà tó ń júwe wọn, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀tìkọ́ọ̀tù, ló kó sójú kí ó lè tètè rí wọn ṣí. Ọfà ni Haneef kó sínú fúláàṣì. Ó sì ti dán wọn wò kí Azeemah tó kírun tán, ó dájú, nítorí lórí kọ̀ǹpútà náà gan-an gbogbo wọn á ṣí. Ó wá fi orúkọ ara rẹ̀ pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Haneef tẹ ìkínní. Kọ̀ǹpútà fèsì pé ohun tí wọ́n ń wá kò sí níbi tí wọ́n júwe. Ó tẹ èkejì. Bákan náà. 

Ó yíjú sí i. "Azeemah, jọ̀ọ́, bá mi wo kéébù yẹn."

"Kéébù ò ṣe nǹkan kan," Azeemah wí.

Ọ̀gbẹ́ni Walter sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó mú máòsì, ó ṣí ẹ̀yìn àmì kan wò láti mọ ibi tó ń júwe. Ọ̀rọ̀ náà jáde gbàǹgbà lára ògiri, ó sì kà á sókè: "Azeemah. Ẹ̀kọ́ Ilé Ìyá Àgbà. Ìkínní." Ó wojú wọn. "Ta ni Azeemah?"

Alhaji Gbàdàmọ́sí wúkọ́.

"Arábìnrin tó ń bá wa so wáyà níbí ni, sà," Haneef wí. "Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ni mo yá fi tẹ iṣẹ́ mi."

Arábìnrin tó ń bá wa so wáyà. Kò pè é ní olólùfẹ́ mi mọ́.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ọ̀gbẹ́ni Walter bi í.

Haneef ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Azeemah mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Haneef á gba iṣẹ́, Alhaja Wòsílátù á tún pe òun ní ìyàwó mi, wọ́n á sì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lẹ́yìn Ìléyá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó gbé e dé ẹnu, kò ṣeé sọ.

"Ẹ bi í ní ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ kẹsàn-án, sà."

Haneef na ọwọ́ sí máòsì, ó tún tẹ àmì kẹsàn-án.

"Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ló sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín fáìlì àti ọfà tó ń júwe ẹ̀," Azeemah wí. "Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá kó ọfà lọ, kò tíì kó nǹkan kan. Ká ní ó kà á ni, sà, gbogbo wọn ì bá ṣí."

Ó tú kéébù kúrò, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, Alhaja Wòsílátù mú ọmọ rẹ̀ wá sílé Bàbá Yẹ̀kínì. Ó ti sunkún kí ó tó dé. "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tú wọn ká. Ọmọdé ni wọ́n. Èmi ni mo tì í, ẹ fi bú mi. Kò sí ilé tí wọn ò ti ń ṣẹ ara wọn."  Bàbá Yẹ̀kínì ní ọ̀rọ̀ náà kù sọ́wọ́ ọmọ òun.

Ká sòótọ́, Azeemah ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kì í yọ ìfẹ́ lọ́kàn ènìyàn, àbùkù ibẹ̀ sì ni pé ó ń wojú Haneef bóyá ó ti jẹun.

"Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀," ó wí. "Haneef, ká ní o tọrọ wọn ni, màá fún ẹ. Mo tilẹ̀ fi lọ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Wí i lójú àwọn òbí wa: ta ló kọ ẹ̀kọ́ méjìlá yẹn?"

 Haneef wo ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"A jọ kọ ọ́ ni," ó wí.

Bàbá Yẹ̀kínì dìde, ó wọ yàrá. Azeemah mi orí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ó ti parí nìyẹn, Haneef. Ẹ ṣé tí ẹ wá, Mọ́mì. Ẹ má bínú."

Lẹ́nu ọ̀nà, Haneef ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìlàjì rọ́bà náà jáde. Ó ti fi ìwé wé e, ó mọ́ tónítóní, kò lò ó rí. "Wò ó. Mo ṣì ń tọ́jú ẹ̀."

Azeemah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Màá rí i lò," ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un. Alhaji Gbàdàmọ́sí ló lọ tún fi ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìbi í. Ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní Odògbolú, obìnrin mọ́kànlélógún ló wá, télọ̀ àti onídìrí àti aláró. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ń dún píì, píì, píì, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Azeemah tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ mẹ́mórì jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ó tú ìwé tó wé ìlàjì rọ́bà náà, ó fi nu eyín mẹ́mórì títí ó fi ń dán, ó dá a padà. Ó dún kà. Ojú ẹ̀rọ là.

"Yéè!" onídìrí kan pariwo níwájú. "Rọ́bà lásán!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Azeemah kọ ẹ̀yìn sí wọn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó ń wá kéébù kan tí kò sọnù, kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.