Èémí Ẹja Tí Raïssa Kò Kà

"Raïssa, gbé ìwé ẹja yẹn wá, kí o ka ibi tó kẹ́yìn sí mi létí."

Bàbá Ògúndìran kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, eruku pupa bò ó dé orúnkún, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Láti Okpomèta ló ti gun kẹ̀kẹ́ wá sí Kétu láàárọ̀ Sátidé náà, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yẹn rí mọ ọyẹ́ tí mò ń wí, tí gbogbo orí òrùlé á funfun fún eruku, tí igi ìta á dúró bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Bí Raïssa ṣe gbọ́ "ìwé ẹja", àyà rẹ̀ já. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bu omi wá fún yín ná."

"Omi kọ́ ló gbé mi wá. Àbí, omi náà ni." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Àwọn ẹja mi ń ṣe bákan. Láti àná ni wọ́n ti ń yọ ẹnu sókè omi, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé. Omi náà ń rùn, ó sì kan. Mo ní kí n wá bi ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n!

Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ni Màdáàmù Victorine, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ti sọ̀rọ̀ òkun fún wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nínú gbogbo kíláàsì, ènìyàn mẹ́rin péré ló ti fojú rí òkun. Màdáàmù ní òkun ń mu nínú èéfín tí ọkọ̀ àti iléeṣẹ́ ń tú sí afẹ́fẹ́, omi rẹ̀ sì ń kan díẹ̀díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ àwọn ẹja aláràbarà tó ń gbé láàárín òkìtì iyùn ní ìsàlẹ̀ òkun bí ẹyẹ ṣe ń gbé orí igi.

"Bí omi bá ti ń kan," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ ẹja náà á fẹ́ kan. Ara rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi láti tún ẹ̀jẹ̀ náà ṣe. Agbára tó yẹ kó fi dàgbà, tó yẹ kó fi bímọ, ibẹ̀ ló ń ná an sí. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ní ẹja mìíràn kì í gbóòórùn ọ̀tá mọ́, fúnra rẹ̀ ni yóò wẹ̀ lọ bá ẹni tó máa jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn wò ó, wọ́n ní àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kà, tí a tún ń kà á."

Romaric, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Raïssa tí wọ́n jọ ń gbé, nawọ́ sókè. "Màdáàmù, ṣé wọn ò lè fún ẹja náà ní oògùn inú kíkan ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màdáàmù náà rẹ́rìn-ín.

Màdáàmù ní kí olúkúlùkù lọ ṣe ìwádìí tirẹ̀ nílé. Kò sí ẹja iyùn ní Kétu. Epìyà kéékèèké mẹ́wàá ni Bàbá Ògúndìran fi ta Raïssa lọ́rẹ láti inú kòtò ẹja oní-sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Raïssa pín wọn sí bàsíà méjì. Nínú bàsíà kejì ni ó ki ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí, tó ti inú ìgò ṣúgà àti ìwúkàrà wá. Afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde nínú ìgò náà ló ń sọ omi di kíkan. Iṣẹ́ Raïssa ni láti ka iye ìgbà tí etí orí ẹja, tó fi ń mí, ń ṣí tó ń pa dé ní ìṣẹ́jú kan, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, fún ogún ọjọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé ìwé ní Cotonou. Yóò rí òkun.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kà á dáadáa. Àwọn ti inú omi kíkan ń mí kíákíá ju àwọn yòókù lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Adakplamè láti bá wọn ṣe gàrí, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì lò. Ó lè bẹ Romaric pé kó bá òun kà á, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín in. Nígbà tó dé, ó rí àyè òfìfo ọjọ́ márùn-ún nínú ìwé, ẹ̀rù bà á, ó mú bírò, ó sì kọ ohun tó wù ú. Ó mú kí iye náà máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè dùn ún wò, pé ara àwọn ẹja ti mọ́ omi kíkan. Nígbà tó tún wá kà á, ó rí i pé èémí wọn kò wálẹ̀ rárá. Kí ni yóò ṣe? Irọ́ ọjọ́ márùn-ún di irọ́ ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ọ̀kan nínú wọn kú. Ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò sì sọ fún ẹnì kan.

Màdáàmù yìn ín lójú gbogbo kíláàsì, ó sì yàn án fún Cotonou. Wọ́n pe Bàbá Ògúndìran wá lọ́jọ́ náà nítorí ẹja rẹ̀, ó ń mi orí tayọ̀tayọ̀.

"Kà á nísinsìnyí," ni bàbá wí lẹ́nu ọ̀nà.

Raïssa kà á. Ó kà á dé ibi tí ó kọ sí pé nígbà tí èémí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ara wọn fi mọ́ omi náà, èémí wọn sì padà sí bó ṣe wà.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin! Ọlọ́run ṣeun. Èmi tí mo ti fẹ́ da omi kòtò náà nù. Bí mo bá fi ìwọ̀nba omi òjò tó kù nínú sítẹ́ẹ̀nì tí a gbẹ́ sílẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kí ni èmi àti ìyàwó mi máa mu títí òjò á fi dé? O ṣeun, ọmọ mi. Wàá rí òkun."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Raïssa kò lè kúrò lójú kan. Romaric jáde láti ẹ̀yìn ilé.

"Kí ló ṣe ọ́ tí o la ẹnu sílẹ̀ bí epìyà?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Romaric wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Pa ẹnu rẹ mọ́. Ẹja ló máa kú, kì í ṣe ènìyàn. Ta ló máa mọ̀? Tí o bá sọ̀rọ̀, Cotonou ti lọ nìyẹn. Wọ́n lè lé ọ ní ilé ìwé pàápàá!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dijú, ẹja tó rì mọ́lẹ̀ ló rí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Ó wá rò ó pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ ló wà ní Okpomèta, ohun kan ṣoṣo tí bàbá arúgbó náà fi ń jẹun láti ìgbà tí agbára rẹ̀ kò ti gbé iṣẹ́ oko mọ́. Ó dìde, ó dá zémi dúró, ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà náà.

Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń bẹ Ọlọ́run kí táyà jò. Táyà kò jò.

Ó bá bàbá létí kòtò, tó ń fọ́n oúnjẹ sí omi. Ojú omi kún fún ẹnu kéékèèké tó ń ṣí, tó ń pa dé.

"Bàbá, ẹ dáwọ́ dúró!" Ó wólẹ̀ sórí eruku. "Irọ́ ni. Irọ́ ni mo kọ. N kò kà á. Ara wọn kò mọ́ ọn. Ọ̀kan tilẹ̀ kú, mo fi pa mọ́."

Bàbá dúró. Oúnjẹ ń jò láàárín ìka rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo kà á fún mi láàárọ̀ yìí? Tí o ń wò mí lójú?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Pe olùkọ́ rẹ."

Lórí fóònù, Màdáàmù Victorine kò kọ́kọ́ bá Raïssa wí. Ó ní, "Ẹ má fún wọn lóúnjẹ mọ́. Èyí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ló ba omi jẹ́, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò tó wọn mọ́. Ẹ gbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà kúrò, kí ẹ da tuntun sí i láti òkè, kó máa ta, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Kíákíá!"

Bàbá wo sítẹ́ẹ̀nì rẹ̀. Ó ṣí ìderí irin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì na okùn sí Raïssa. Garawa kan, òmíràn, òmíràn. Ó fà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìyàwó bàbá jáde wò wọ́n, ó rí omi mímu wọn tó ń lọ, ó sì padà wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹja bíi méjì nínú mẹ́ta ti yí ikùn sókè. Àwọn tó kù ti ń rìn nísàlẹ̀ omi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Raïssa dúró níwájú kíláàsì, ó sọ ohun tó ṣe. Ẹlòmíràn ló lọ sí Cotonou. Ní gbogbo Sátidé títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀, òun ló ń ru omi láti ibi pọ́ǹpù lọ sí ilé Bàbá Ògúndìran. Ó tó oṣù méjì kí ìyàwó bàbá tó dá a lóhùn nígbà tó bá kí i.

Ohun tí Màdáàmù sọ fún un nìyí, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á yìí mú lọ: bí ẹ kò bá ka nǹkan, ẹ sọ pé ẹ kò kà á. Àyè òfìfo nínú ìwé lè dójú ti ẹni tó ni ín fún ọjọ́ kan. Iye tí a parọ́ kọ síbẹ̀, ẹnì kan máa wà tó máa gbà á gbọ́, tó máa fi ohun tó ní lé e lórí.