Ọkọ̀ Tí Kì Í Ṣófo

Àwọn ẹyẹ ń já lu omi, ṣùgbọ́n wọn ò dún.

Tokanang kọ́kọ́ rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì ló bo ohùn wọn mọ́lẹ̀, ló bá pa á. Ọkọ̀ kékeré náà sáré díẹ̀ sí i, ó sì dúró, ó ń mì lórí ìgbì. Kẹ́kẹ́ pa síbẹ̀. Níbi tí ẹyẹ bá ti pọ̀ tó báyìí lórí òkun erékùṣù Onotoa, ariwo wọn máa ń dà bíi ti ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo ìsinmi fún. Èèyàn á ti gbọ́ wọn kó tó rí wọn. Àwọn ti òní kàn ń já bọ́ bí òkúta ni, wọ́n á tún gòkè, wọ́n á la ẹnu, ohùn kankan ò ní jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń dúró kí wọ́n kọrin fún yín kí ẹ tó pẹja ni?" Kirion, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti ju okùn sómi. "Ẹja rèé o! Ẹ gbé ìwọ̀ yín sílẹ̀ jàre."

Kirion kì í dákẹ́. Kò tíì gbé ìyàwó, ọ̀dọ̀ Riteti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, á jẹ oúnjẹ obìnrin náà, á bú oúnjẹ náà, á sì bu òmíràn. Tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú maneaba, gbọ̀ngàn tí gbogbo abúlé ti ń jókòó, àwọn àgbà á le ojú mọ́ ọn, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Tokanang fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe ń jẹ́ kó hàn lọ. Ọjọ́ tí Kirion ò bá bá a lọ sókun, ńṣe ni ọjọ́ náà máa ń gùn.

Ìwọ̀ ò tíì mumi tán tí ẹja fi gbé e. Ẹja tuna ńláńlá ni, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn wọlé, kò sì sí èyí tó jà. Tokanang yọ ìwọ̀ lẹ́nu ọ̀kan, ó sì ta gìrì. Ẹja tuna tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ ni, gbogbo apẹja ló mọ̀ ọ́n. Ẹja yìí tutù bí ohun tí wọ́n gbé jáde nínú yìnyín. Ó fọwọ́ kan òmíràn. Bákan náà ni.

"Kirion, tọ́ ẹja yìí wò."

Kirion ò tilẹ̀ wo ẹja náà. Ó ti dìde dúró, ó gbé ọwọ́ bojú nítorí oòrùn. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kan rèé."

Ọkọ̀ onípákó ni, wọ́n kùn ún ní funfun, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí kúrò káàkiri. Ọkùnrin kan jókòó sí àárín rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Kò juwọ́, kò ké. Onotoa ò bí ẹni tí í rí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ lójú òkun kó fi í sílẹ̀, nítorí náà Tokanang tan ẹ́ńjìnnì, ó rọra darí ọkọ̀ lọ bá a.

"Ẹ pẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí. Kò tíì yíjú.

"Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá," Kirion dáhùn. "Ẹ má bínú, a dúró ra búrẹ́dì lọ́nà ni."

Ọkùnrin náà yíjú wàyí. Kò tilẹ̀ dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá. Ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti Tokanang lọ. Ètè rẹ̀ ò bó, oòrùn ò sì sun awọ ara rẹ̀. Tokanang bojú wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí àjẹ̀, kò sí okùn, kò sí agolo tí wọ́n fi ń gbọ́n omi. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà gbẹ táútáú. Kò sí ọkọ̀ tó wà lójú òkun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ bẹ́ẹ̀.

"Níbo ni ilé yín?" Tokanang bi í.

"Onotoa ni. Ẹ gbé mi lọlé."

Tokanang mọ gbogbo ojú tó wà ní Onotoa. Kò mọ ojú yìí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sì dún létí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, irú èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ mọ́.

Wọ́n so ọkọ̀ funfun náà mọ́ ẹ̀yìn tiwọn. Kirion na ọwọ́ sí àlejò, ó fà á wọlé. Bí Kirion fúnra rẹ̀ bá yí ìdí padà lásán, ọkọ̀ á mì. Ọkùnrin yìí gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé, ọkọ̀ ò mira. Kirion fún un ní àgbọn tútù kan tí wọ́n ti lù. Ó gbà á, ó gbá a mọ́ àyà, kò mu ún.

"Ẹ mu ún, bàbá. Kò sí májèlé níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ilẹ̀ ná."

Orí àwọn igi àgbọn hàn níwájú wọn, dúdú tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀nà náà ò jìn. Tokanang kọ ojú ọkọ̀ sí i, ó tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì. Omi ń ṣí níwájú, ó ń pa dé lẹ́yìn, Kirion ń sọ̀rọ̀ nípa irú ọbẹ̀ tí Riteti máa fi ẹja yìí sè, tí kò sì ní dùn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù. Nígbà tó tún yá, ó dákẹ́.

Orí àwọn igi náà wà níbi tí wọ́n wà. Wọn ò ga sí i, wọn ò kúrú sí i. Oòrùn náà dúró ṣánṣán sí àárín orí wọn bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ojú ọ̀run. Epo nìkan ló ń lọ. Tokanang gbé kẹ́ẹ̀gì epo sókè, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ má bàa gbọ́ bó ṣe ń dún kòlòkòlò.

"Bóyá ọkọ̀ ẹ̀yìn yìí ló wúwo," ó sọ. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn náà.

Okùn já sómi. Ọkọ̀ funfun náà ò dẹ̀yìn. Kò sí okùn lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ta kò ó, síbẹ̀ ó ń tẹ̀lé wọn, imú rẹ̀ kọ sí wọn, àyè tó wà láàárín wọn ò yí padà.

Kirion fà mọ́ Tokanang. "Ẹ̀gbọ́n," ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ojú mi ló ń ṣe é."

"Ojú tèmi náà rí i."

Àlejò náà ò wo ẹ̀yìn rárá. Ilẹ̀ ló ń wò, bí ebi ṣe ń wo oúnjẹ. "Ọkọ̀ yẹn ò ní jẹ́ ká dé ibẹ̀," ó wí. "Kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹnì kan ló ń jókòó nínú rẹ̀ nígbà tí mo bá a pàdé. Ó bẹ̀ mí pé kí n jókòó fún òun díẹ̀, kí òun na ẹsẹ̀. Bí mo ṣe jókòó báyìí, kò wo ẹ̀yìn mọ́."

"Ìgbà wo nìyẹn?" Tokanang bi í.

"Wọn ò tíì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí abúlé."

Kò sí ẹni tó wà láyé ní abúlé tó rí ìgbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, àfi ìyá àgbà Maritina nìkan.

"Ebi ò pa yín? Òùngbẹ ńkọ́?" Kirion béèrè.

"Wọ́n ń pa mí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pa mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kì í kú. Ìyẹn gan-an ni ìyà rẹ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kò sì bínú. "Mi ò bẹ̀ yín pé kí n wà láàyè. Iyanrìn ni mò ń fẹ́. Kí wọ́n bo iyanrìn mọ́ mi."

Tokanang wo kẹ́ẹ̀gì epo. Ó wo ọkùnrin náà. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó gbé e padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Irú ẹni tí kò wúwo bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan ló máa gbà. Kirion rí ojú rẹ̀, ó mọ ohun tó ń rò.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. A ò ní í jù ú padà síbẹ̀. Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé."

"Nígbà náà, èmi ni màá lọ síbẹ̀."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ bímọ o, ẹ níyàwó. Ṣé ẹ fẹ́ kí Riteti pa mí ni?" Kirion rẹ́rìn-ín. Ó gbé àgbọn kan sábẹ́ apá. "Ẹ gbé bàbá délé, ẹ ra epo, ẹ padà wá mú mi. Kí ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ mi pamọ́, kó má sì da gbogbo iyọ̀ ilé sí i."

Tokanang fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó na ọwọ́ láti dì í mú. Aṣọ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kàn. Kirion ti fò. Ó balẹ̀ sínú ọkọ̀ funfun, ó jókòó.

Lójú ẹsẹ̀, igi àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ilẹ̀ ń sáré bọ̀ wá bá wọn. Tokanang yí ọkọ̀ padà kíá, ó ń pe orúkọ Kirion, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ funfun wà, omi lásán ló wà níbẹ̀.

Ó gbé àlejò náà gba ẹnu ọ̀nà àárín àpáta wọ inú ọ̀sà. Bí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣe kan iyanrìn ló mu omi àgbọn rẹ̀, tó mu ún tán. Ó rìn gba iwájú àwọn èèyàn kọjá, ó lọ sídìí ilé kan tí ó ti wó tipẹ́, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbé ìyá àgbà Maritina wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Àbúrò bàbá mi nìyí! Ó máa ń gbé mi kọ́rùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé!" Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin náà ti kú. Bí wọ́n ṣe ń bo iyanrìn mọ́ ọn, Tokanang rí i pé ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó.

Riteti ò sunkún. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní fún ọkọ rẹ̀, "Bàbá Temaia, ẹ lọ wá a."

Ó wá a. Abúlé ń dá epo fún un, ó ń jáde ní gbogbo ọjọ́ tí òkun bá gbà á láyè, títí ojú rẹ̀ fi pọ́n tí ètè rẹ̀ bó. Kò rí nǹkan kan. Àwọn àgbà sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ náà létí ará erékùṣù mìíràn.

Ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rètí nù ni ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù dé láti erékùṣù Tamana, Kirion sì sọ̀kalẹ̀ láti inú rẹ̀.

Abúlé yí po. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n gbé ẹmu àgbọn kalẹ̀, Riteti se ìrẹsì, ó bù ú lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Kirion jẹun, ó dúpẹ́. Kò bú oúnjẹ náà. Ìtàn rẹ̀ kò gùn: ọkọ̀ funfun náà rì, òun lúwẹ̀ẹ́, òun rí ọkọ̀ òfìfo kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun sì fi gúnlẹ̀ sí Tamana. Àwọn èèyàn ń yin Ọlọ́run. Tokanang ń wo ọwọ́ Kirion: oòrùn ò sun awọ rẹ̀.

Ó mú un lọ sí etí omi. "Kirion, ta ló jókòó síbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín."

"Mo ní, ta ni?"

"Mo rò pé màá lè fara dà á." Kirion ò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ò mọ bí ọjọ́ ṣe ń gùn níbẹ̀. Ẹ má bi mí mọ́."

Tokanang ò bi í mọ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, ó sì ti délé.

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tún dé, obìnrin kan bá a wá láti Tamana. Aritita lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó nínú maneaba, wọ́n fún un ní omi àti oúnjẹ, lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó rí ọkọ̀ ọmọ òun tó sọnù lójú òkun. Kirion dìde. Obìnrin náà na ọwọ́, ó ní kó wá jókòó tì òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọmọ mi, mi ò wá bá ọ jà. Mo dúpẹ́ pé ó kéré tán, ọkọ̀ rẹ̀ gba ẹnì kan là. Ṣé lóòótọ́ lo bá a lófìfo?"

"Ó ṣófo, màmá."

"Kò sí fìlà rẹ̀ níbẹ̀? Kò sí ẹ̀jẹ̀?"

"Kò sí, màmá."

Obìnrin náà mi orí. "Mi ò lè sùn. Mo ṣáà ń rò ó pé ó wà níbì kan, ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Sọ fún mi pé ó ti kú. Ìwọ tí òkun ti gbé rí, o mọ̀ jù wá lọ. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè sunkún rẹ̀ kí n sì sinmi."

Ohun tó rọrùn jù lọ láyé ló béèrè. Gbogbo maneaba ń dúró. Tokanang ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé, sọ ọ́, Kirion, sọ ọ́. Kirion, tó ti purọ́ láti Tamana dé Onotoa láì kólòlò, gbójú sókè wo obìnrin náà.

"Kò kú, màmá," ó wí.

Aritita jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kirion tẹ orí ba. "Ó jókòó rọ́pò mi nínú ọkọ̀ kan tí kì í ṣófo, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ kì í kú." Obìnrin náà wo ojú àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú Riteti, ó rí i pé gbogbo wọn ló mọ̀ nípa ọkọ̀ náà, pé òun nìkan ni àlejò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò pariwo. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀," ó wí. "Èmi náà lè jókòó. Ta ló ní ọkọ̀ níbí?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Tokanang.