Ẹrù Tí Ológìnní Kò Fi Pamọ́

Ọjọ́ tí Ológìnní kọ́kọ́ pàdé Aránṣọ, obìnrin náà kò gbójú sókè wò ó. Ẹ̀wù afẹ́fẹ́ kan ló tẹ́ sórí tábìlì tó ń rán, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ojú ọ̀run máa ń wọ̀ kí èémí má baà tán mọ́ wọn nínú tí wọ́n bá jáde sí òfìfo. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà tóóró kan lẹ́bàá èbúté, nínú ìlú onírin tí wọ́n kọ́ sí òkè réré, níbi tí èèyàn ti ń yọjú lójú fèrèsé wo ilẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo ìdí kànga.

Ológìnní gbé ẹ̀wù tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ìṣó ló fà á ya ní ìgbúnwọ́.

Obìnrin náà yí apá ẹ̀wù náà sósì, ó yí i sọ́tùn-ún. "Ìṣó kì í ya aṣọ kó gún régé báyìí," ni ó wí. "Ọ̀bẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò kàn mí. Ẹ padà wá lọ́la."

Ológìnní ti to irọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ wá, irọ́ tó lórí tó nírù. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ó jáde bí ẹni gbé ọjà lọ sọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò ná an.

Iṣẹ́ fàyàwọ́ ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Gbogbo èbúté ló mọ̀, àwọn aṣọ́bodè gan-an mọ̀, àmọ́ mímọ̀ ọ̀tọ̀, mímú ọ̀tọ̀. Kọfí, ọṣẹ olóòórùn dídùn, irúgbìn òdòdó, oògùn ẹ̀yìn ríro, ohun yòówù tí òfin bá ti ní kó má wọ̀lú ni ó ń gbé wọ̀lú. Ó gbé adìyẹ rí. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò ni ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ náà ti ké lábẹ́ pákó, ni Ológìnní bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ́nà tó jọ igbe adìyẹ. Ó wúkọ́ títí àwọn aṣọ́bodè fi bu omi fún un, wọ́n ní kó tètè lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ológìnní nìyẹn: ibi yòówù kó ti já, ẹsẹ̀ ló fi ń balẹ̀.

Láìpẹ́, ẹ̀wù Ológìnní bẹ̀rẹ̀ sí í ya lemọ́lemọ́. Nígbà tó gbé e dé lẹ́ẹ̀kẹta, Aránṣọ wo ojú ibi tó ya, ó ní ọ̀bẹ lèyí náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni tó ni ẹ̀wù ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ológìnní rẹ́rìn-ín títí. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ti àpótí kan síwájú rẹ̀ pé kó jókòó.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gúnlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni ó ń kọ́kọ́ yà. Yóò máa ròyìn ìrìn àjò, ìdajì òótọ́, ìdajì àsọdùn, obìnrin náà yóò di òwú mẹ́nu máa gbọ́ ọ. "Ẹ" ni ó ń bá a sọ, bí èèyàn ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan, láìgbójú sókè, ó ní, "Ológìnní, o ti jókòó lé abẹ́rẹ́ mi."

Abẹ́rẹ́ ti gún un, kò mọ̀. "O" yẹn ló gbọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé nígbà tó padà sínú ọkọ̀, ó gbéra láìrántí ẹrù tó wá gbé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Aránṣọ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún un. Láti kékeré ni ó ti gòkè wá kọ́ṣẹ́, egungun rẹ̀ sì ti bá ìlú tí ara kì í ti í wúwo mu. Dókítà ní tó bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e. Ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọkàn ìyá náà kò sì lágbára. Dókítà tiwọn níbẹ̀ ní jìgìjìgì ọkọ̀ tó bá ń gòkè yóò dá ọkàn náà dúró, nítorí náà kò sí ọkọ̀ tí òfin gbà láyè kó gbé e. Ọmọ kò lè sọ̀, ìyá kò lè gùn. Ojú fóònù nìkan ni wọ́n ti ń ríra. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń sọ pé òwú dúdú ti tán.

Nígbà tí Ológìnní ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó ní kó lọ bi ìyá òun.

Màmá wò ó lójú fóònù, ó ní òun ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀, òun kò lè fi ọmọ òun fún olè. Ológìnní fi ohùn tútù ṣàlàyé pé onífàyàwọ́ kì í ṣe olè. Màmá ní àti ajá àti ìkookò, ẹran ni àwọn méjèèjì ń wá jẹ. Ó ní tó bá ka ara rẹ̀ sí èèyàn gidi, kó wá síwájú òun kó wá sọ ọ́. Ó pa fóònù.

Ológìnní lọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìgò oògùn tò lórí etí fèrèsé láti èyí tó ga jù dé èyí tó kúrú jù. Ó mú kí Ológìnní dúró lórí ìdúró bí ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì. Ọkùnrin náà da ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tó ti ṣí bodè púpọ̀ fún un, kò sí èyí tó mú ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó fọ abọ́, ó tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ó gbá àtẹ̀gùn. Màmá kò dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé kò sí ohun tí kò lè gbé wọ ìlú òkè. Ológìnní fọwọ́ sọ̀yà, ó ní kò sí.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Gbé mi."

Ológìnní rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó jókòó láìgba àyè. Ó ní òun kò lè ṣe é. Ó ní ohun tí dókítà sọ ńkọ́.

"Ọkàn tèmi yìí, ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò dúró," ni Màmá wí. "Tó bá máa dúró, jẹ́ kó dúró níbi tí mo ti ń wo ojú ọmọ mi."

Ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún Aránṣọ.

Ẹ̀rù ba Ológìnní. Ó ti sá fún ìbọn rí, ó ti sá fún ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèyí yàtọ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó fi ń fi nǹkan pamọ́, kò sì sí èyí tó wúwo lọ́kàn rẹ̀ rí. Èyí wúwo. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú títì, ó pe Aránṣọ, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Obìnrin náà pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ológìnní ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe rọra ń dákẹ́.

"Tó bá kú lọ́wọ́ rẹ, mi ò ní lè wo ojú rẹ mọ́," ni ó wí. "Tí o kò bá sì gbé e wá, mi ò mọ ojú tí màá fi wo ara mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Rọra wá, ààyò mi."

Ológìnní fi tìmùtìmù àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tẹ́ inú ihò tó ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ó bẹ nọ́ọ̀sì kan pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lo oògùn Màmá. Tẹ́lẹ̀, bí òkúta tí wọ́n jù ni ó máa ń gbéra kúrò nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gòkè bí aboyún tó ń gun àtẹ̀gùn. Màmá ké sí i látinú ihò pé òun ti fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ rí kíá ju báyìí lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó bá a ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí ìlú onírin náà ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Màmá dákẹ́. Ológìnní fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa dá lọ, ó lọ wò ó. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ó sì di aṣọ àyà rẹ̀ mú.

Ọ̀nà fàyàwọ́ ni kí ọkọ̀ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí òkùnkùn wà, títí àwọn aṣọ́bodè yóò fi pààrọ̀ ara wọn. Ìdúró pípẹ́ ni. Màmá mọ̀ ọ́n, Ológìnní ti ṣàlàyé fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣe bí o ṣe máa ń ṣe."

Ológìnní kò ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó gbé rédíò.

"Èbúté, Ológìnní nìyí. Mo gbé èèyàn kan tí kò ní ìwé ìrìnnà. Ọkàn rẹ̀ ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kí dókítà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn."

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Aṣọ́bodè, tó ti ń lé e kiri láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, béèrè bóyá Ológìnní fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ológìnní ní òun ni. Ọ̀gá ní kó máa bọ̀.

Wọ́n gbé Màmá jáde lórí ibùsùn alágbérìn. Aránṣọ ti sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù, òwú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. "Ojú rẹ tóbi ju ti inú fóònù lọ," ni ó wí. Wọ́n gbé e lọ. Aránṣọ tẹ̀ lé wọn, kò wẹ̀yìn.

Màmá kò kú.

Ọ̀gá Aṣọ́bodè kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbé èèyàn wọ̀lú láìníwèé, ẹ̀wọ̀n ni, àyàfi tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, tí kò sì ní padà gúnlẹ̀ sí èbúté náà láé. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin náà kò rọ̀. Ológìnní ní òun á lọ.

Wọ́n gbà kí Aránṣọ wá bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Aṣọ́bodè méjì dúró tì wọ́n, wọ́n ń wo ògiri.

"Màmá ní kí n sọ fún ọ pé òun gbà," ni Aránṣọ wí.

"Ó gbà kí ni?"

"Kí o fẹ́ mi."

Ológìnní fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé ẹkún ló ń bọ̀.

"Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n tẹ̀ lé ọ?" ni obìnrin náà bi í.

"Wọ́n á jẹ́ kí o tẹ̀ lé mi."

Àwọn méjèèjì wo apá ibi tí ilé ìwòsàn wà. Màmá kò ní lè wọ ọkọ̀ mọ́ láé. Ohun tí Ológìnní gbé wá fún Aránṣọ gan-an ló dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Má dúró dè mí, ìyàwó mi," ni ọkùnrin náà wí.

"Èmi kọ́ ni mò ń lọ," ni Aránṣọ dá a lóhùn. Ó dì mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè wúkọ́, wọ́n sì tú ara wọn sílẹ̀.

Ológìnní lọ fìdí kalẹ̀ sí èbúté kékeré kan tó jìnnà, tí òun náà ń fò lójú ọ̀run. Fàyàwọ́ náà ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n kò gbé èèyàn mọ́. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, Ológìnní náà sì máa ń jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin náà. Kì í ṣe ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà bi í bóyá wọ́n lè máa gbé pọ̀, ó ní òun ti níyàwó. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnu àwọn awakọ̀ ló ti ń gbọ́ ìròyìn. Wọ́n ní Aránṣọ ní kí àwọn kí i. Wọ́n ní Màmá ti sanra, ó ń kọ́ àwọn ọmọ èbúté ní ìṣirò, ó sì ń na àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Dókítà tó sọ pé Màmá kò ní pẹ́ kú ti fẹ̀yìn tì, ó fi Màmá sílẹ̀ níbẹ̀ láàyè. Ológìnní á gbọ́, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà kò ní dùn, lẹ́yìn náà ojú á tì í pé kò dùn. Ọdún ń gorí ọdún.

Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ kan wá sọ fún un pé Màmá ti sùn, ó sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ológìnní ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ra, ó sunkún fún ìyá tó pe òun ní olè. Kò ránṣẹ́ sí Aránṣọ. Ó rò pé ìgbà ti lọ, àti pé kò dáa kéèyàn máa sáré sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí sàárè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà lórí ìdúró, òun àti oníbàárà kan ń jà sí àpótí bàtà kan. Òjò kì í rọ̀ lójú ọ̀run, síbẹ̀ oníbàárà ní omi ti wọ inú bàtà náà. Ọkọ̀ èrò ti gúnlẹ̀. Ó rí obìnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́yà, tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín èrò.

"O ti hewú," ni Aránṣọ wí.

"Ìwọ náà kò kẹ̀rẹ̀."

Ológìnní bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ọ̀nà ti rí, ibi tó máa dé sí, ìgbà tó máa padà. Ahọ́n tó ti borí gbogbo aṣọ́bodè ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí àpótí bàtà.

"Ológìnní mi," ni ó wí, "mi ò wá kí ọ. Mo wá ni."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà lé èjìká, ó sì ṣáájú lọ sídìí ọkọ̀. Oníbàárà bàtà pè é títí. Kò wẹ̀yìn.