Kweku Tí Wọ́n Bí Lọ́jọ́ Àìkú

Nana Esi Mansa ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé ìrìnnà Ekua, ọmọ ọmọ rẹ̀, fún gbájúẹ̀, ó sì tún fi ẹja díndín mẹ́ta lé e. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi í. Nana á jẹ́wọ́, á sì rẹ́rìn-ín títí ìdí ńlá rẹ̀ á fi máa mi àpótí tó jókòó lé.

Àlejò náà ní Kweku Ansah lorúkọ òun, ọmọ Elmina níbí, pé òun ń mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ tọ́jú arúgbó lókè òkun. Ó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó pe Nana ní "ìyàwó mi." Ibẹ̀ lorí Nana ti wú. Ó ní kí Ekua fi fóònù ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí àwọn ará ilé lè rí ọ̀gá tó ń mú un lọ. Ọkùnrin náà gba ìwé ìrìnnà, ó ní òun á wá mú Ekua lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọkọ̀ òfuurufú á gbéra lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ni Araba Quansah yà wọlé. Òkun máa ń sinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó ń lọ pẹja, gbogbo àdúgbò jókòó síta, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ogún ọdún ni Araba fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nísinsìnyí, àwọn agbẹjọ́rò ló ń gbé iṣẹ́ ìwádìí fún un. Dokono gbígbóná, oúnjẹ àgbàdo tí Nana máa ń sè, ló gbé e wá lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe iṣẹ́.

"Araba, bá mi yọ̀! Ekua ń lọ sókè òkun lọ́tùúnla!"

Araba dá òkèlè dúró. "Ta ló ń mú un lọ?"

"Ọmọ gidi ni! Ó ní ilé-iṣẹ́ ní Takoradi, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ bí eṣú."

"Nana, ṣé ẹ fojú yín rí wọn?"

"Ó sọ fún mi ni."

Araba yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì, ó fa ìlà sí àárín ojú ewé. Ó kọ "A rí i" sápá kan, ó kọ "A gbọ́ ọ" sápá kejì. Nígbà tí Nana fi máa rojọ́ tán, apá "A gbọ́ ọ" ti kún dẹ́nu. Bàtà tí àlejò bọ́ àti káàdì rẹ̀ nìkan ló wà lápá "A rí i."

"Ẹ má gbàgbé ẹja mẹ́ta," ni Ekua wí.

"Pa ẹnu rẹ dé, ọmọ yìí!"

Fóònù Nana dún. Ó yọjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tì í sábẹ́ ìró. "Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń kí mi," ló wí. Kò kúkú sẹ́ni tó bi í.

Araba tẹjú mọ́ fọ́tò káàdì náà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1988 ni wọ́n kọ pé wọ́n bí Kweku. Ní Elmina, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló ń fún un lórúkọ. Ó ṣí kàlẹ́ńdà ọdún náà lórí fóònù rẹ̀.

"Nana, ọjọ́ wo la máa ń bí Kweku?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ọjọ́rú ni! Ewúrẹ́ àdúgbò yìí gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ yìí bọ́ sí."

Nana gbá itan ara rẹ̀ pàá. "Yé! Kwesi ló yẹ kó máa jẹ́! Èmi Esi, ọmọ ọjọ́ Àìkú paraku, èmi tí mo ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ igba ọmọ! Ẹ fún mi lọ́mọ odó, mo ń lọ Takoradi!"

"Ẹ jókòó, Nana. Orúkọ nìkan ò tó. Ó lè jẹ́ pé akọ̀wé ló ṣì í kọ, ó sì lè jẹ́ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ ni wọ́n fún un. Okùn kan ṣoṣo kì í di àwọ̀n. Ó kàn ní ká wádìí sí i ni."

Ó mú fọ́tò ọ́fíìsì tó wà lórí ìwé ìpolówó tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì wá ibi tí fọ́tò ọ̀hún ti jáde rí. Kíá, ó rí i: ilé ìtọ́jú eyín kan ni, ní ìlú tó jìnnà réré. Ekua fẹ́ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà.

"Rárá o," ni Araba wí. "Tó o bá bi olè bóyá olè ni, kí lo rò pé ó máa sọ? Àwa fúnra wa la máa wá nọ́ńbà ìjọba."

Ó pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níwèé àṣẹ. Wọn ò gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkùnrin náà rí. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Takoradi kó lọ fojú rí àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ìpolówó náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fìríìjì ṣe ló bá níbẹ̀.

Ekua kọjú sí Araba. "Àǹtí Araba, mo ti dágbére fún gbogbo àwọn tí mò ń ránṣọ fún. Ibo ló wá fẹ́ mú mi lọ gan-an?"

Nana fà á mọ́ra, ó fi etí ìró nù ún lójú, ó sì nu tara rẹ̀.

Wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n rí lọ fún ọlọ́pàá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí Kweku dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Nana ní, "Ọkọ mi, jókòó, ẹja ń bọ̀." Kò tíì jókòó dáadáa tí àwọn ọlọ́pàá méjì tó ń ṣe bí ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe fi dìde, tí wọ́n sì mú un. Ìwé ìrìnnà ọmọbìnrin márùn-ún ló wà nínú báàgì rẹ̀. Ti Ekua wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe idán, ẹ lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ya ohun tẹ́ ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ má fi ẹnu àlejò wádìí àlejò. Ẹ bi ìjọba, ẹ rán ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán lọ fojú rí ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ìwé ìrìnnà yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí ohun méjì mẹ́ta bá sì ti ta kora, ẹ má bá àlejò náà jà. Ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ lọ bá.

"Láti òní lọ," Nana ń yan kiri nínú àgbàlá, "kò sí gbájúẹ̀ tó tún lè mú Esi Mansa! Èmi náà ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́!"

Fóònù dún lábẹ́ ìró rẹ̀.

Ekua gbójú sókè. "Nana, Kofi tó ń pè yín ní òdòdó òun láràárọ̀, tẹ́ ò tíì fojú rí rí, ọjọ́ wo ni wọ́n bí òun?"